Lẹ́tà sí Dúpẹ́ nípa odídẹrẹ́ rẹ̀

Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o. Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, ìwọ náà á padà wálé láyọ̀. Àwa ò ṣàìsàn níbí. Kaṣú ti ń pọ́n lóko, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé.

Mo ka gbogbo ohun tí o kọ nípa Charlie, odídẹrẹ́ tí bàbá aládùúgbò yín fi sílẹ̀ fún ọ nígbà tí wọ́n kó lọ sílé àwọn arúgbó. O ní ó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń géni jẹ, ó sì ti hu ìyẹ́ àyà rẹ̀ tán, bàbá Tọ́lá sì ti ní kí o wá ẹni tí wàá gbé e fún. Jọ̀wọ́, má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo 40 sí 60 ọdún láyé. Ẹni tí ẹyẹ yẹn mọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì. Bí ilé bá tún yí padà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì, ara rẹ̀ á burú ju bí ó ti wà yìí lọ.

Híhu ìyẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wo orí rẹ̀ dáadáa. Bí ìyẹ́ orí bá pé, tó jẹ́ àyà àti abẹ́ apá nìkan ló pá, òun fúnra rẹ̀ ló ń hu ú, torí àgógó rẹ̀ kò lè dé orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì sọ pé ìbànújẹ́ ni. Gbé e lọ bá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹyẹ, kí wọ́n yẹ ara àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò ara, àrùn awọ, àrùn ẹ̀dọ̀, àìjẹunre, gbogbo wọn ló lè fà á. Atẹ́gùn gbígbẹ náà ń dá kún un. Nígbà ọyẹ́, ara a máa yún Àbẹ̀kẹ́, odídẹrẹ́ tèmi. Ìgò tí mo fi ń fọ́n omi sáṣọ tí mo bá fẹ́ lọ̀ ni mo fi ń fọ́n omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Á na apá méjèèjì, á dorí kodò, á máa yí ara fún mi kí n lè fọ́n ọn débi gbogbo. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Charlie, pàápàá bí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná.

Èso sunflower láàárọ̀ àti lálẹ́ yẹn kò tó oúnjẹ. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, fítámì A àti kálísíọ́mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kálísíọ́mù tó bá sì lọ sílẹ̀ lè mú kí gìrì gbé odídẹrẹ́. Fi oúnjẹ ẹyẹ tí wọ́n pò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ kún un, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ bíbọ̀ àti tàtàṣé. Ata gan-an kò ní ta á lẹ́nu, ẹyẹ kì í mọ títa ata. Bí o bá rí ẹyìn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, ra á, òun ni wọ́n ń jẹ nínú igbó. Àbẹ̀kẹ́ á fi ẹsẹ̀ kan di ẹyìn mú, á máa bó o díẹ̀díẹ̀, epo á máa kán lẹ́nu rẹ̀, kò ní wojú ẹnikẹ́ni títí á fi kan èkùrọ́. Ṣùgbọ́n píà tí òyìnbó ń pè ní avocado, láéláé! Ó ń pa ẹyẹ. Ṣokoléètì, kọfí, ọtí, iyọ̀ àti àlùbọ́sà náà, má jẹ́ kó fẹnu kàn wọ́n. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ yẹn ńkọ́? Bó bá gbóná kọjá ààlà, èéfín rẹ̀ tí ojú kì í rí lè pa á kíákíá.

Ní ti ariwo, apá kan rẹ̀ kò ní tán. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni agbo wọn ń pe ara wọn nínú igbó. Èyí tó ń ké nígbà tí o bá jáde nínú yàrá, ìwọ ló ń wá. Máa fi súfèé kan náà dá a lóhùn láti kíṣìnì kó tó di igbe. Bó bá ti di igbe, má sáré wọlé, má sì jágbe mọ́ ọn, torí lójú rẹ̀ ẹ ti jọ ń ké nìyẹn. Jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀, kí o wá mú ẹ̀pà tí kò níyọ̀ wọlé. Má fi aṣọ bo kéèjì lọ́sàn-án láti fi jẹ ẹ́ níyà. Alẹ́ ni kí o bò ó, torí ó nílò oorun wákàtí 10 sí 12, ẹ sì ń wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di òru.

Kì í ṣàdédé géni jẹ. Dúdú ojú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa sún kì, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn á dìde, ìrù pupa á tẹ́ rẹrẹ. Bí o bá ti rí èyí, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kàn fi àgógó kan ọwọ́ rẹ kó tó gùn ún, ó ń wò ó bóyá ó dúró dáadáa ni, má fa ọwọ́ yọ. Má sì gbá a rárá.

Kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni. Alex, odídẹrẹ́ tí Irene Pepperberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kọ́ ní Amẹ́ríkà, mọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, kó máa wo ògiri? Fi háhá àgbàdo wé ẹ̀pà, fi í sínú páálí, kó máa tú u.

Èyí tí o ní kí n bá ọ wá odídẹrẹ́ mìíràn níbí kí Charlie lè rí ẹni bá gbé, mi ò ní ṣe é. Láti January 2017, lẹ́yìn ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg, òwò odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀. Àtè ni wọ́n ń fi mú púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì ń kú lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ dájú pé Charlie á gba ẹyẹ mìíràn mọ́ra.

Máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó tó jẹun, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀n 400 sí 500 gíráàmù. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, ìwọ̀n ara ló sábà máa ń tú u fó. Kí o sì lọ kí bàbá yẹn, bi wọ́n léèrè ìgbà tí Charlie ń sùn àti irú súfèé tí wọ́n ń fún un.

Ohun tí dókítà bá sọ, kọ ọ́ sí mi kíákíá. Bá mi kí bàbá Tọ́lá, sọ fún wọn pé mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ní sùúrù fún ẹyẹ náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojí