Lẹ́tà sí ìyá Hersh Goldberg-Polin

Ìyá Hersh, ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ kò mọ̀ mí. Ọmọ Yorùbá ni mí, àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú nílé wọn ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, Júù bíi tiyín, ló mú mi dé sínágọ́gù. Èmi ni mò ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, èmi ni mò ń ṣí ìwé àdúrà fún un. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ yín kí n tó mọ ojú rẹ̀.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń ka orúkọ àwọn tí Hamas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó nígbèkùn láti Ísírẹ́lì lọ sí Gásà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023. Bó bá kan ọmọ yín, "Hersh ben Perel Chana" ni wọ́n ń wí. Mo bi màmá tí mò ń tọ́jú léèrè ta ló ń jẹ́ Perel Chana. Ó ní ìyá Hersh ni. Ó ní bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà nínú ewu, orúkọ ìyá rẹ̀ ni àwọn fi ń bẹ Ọlọ́run fún un. Orí mi wú. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wa náà ń ṣe: bí ọ̀rọ̀ bá le, ọmọ lágbájá ni wọ́n ń wí, ìyá ni lágbájá náà. Ẹni tó rọbí ló mọ ẹni tó bí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kúnlẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn orúkọ àwọn ọmọ mi mẹ́ta, Hersh ọmọ Perel Chana ló kàn.

Mo rí yín lórí fóònù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2024, nígbà tí ẹ̀yin àti àwọn òbí mìíràn lọ sẹ́bàá ààlà Gásà, tí ẹ kígbe sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé Hersh, màmá rẹ ló ń pè ọ́, ọjọ́ 328 rèé. Ẹ súre fún un níbẹ̀, ìbùkún tí ẹ máa ń kà lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n: "Kí Olúwa kí ó bùsí i fún ọ, kí ó sì pa ọ́ mọ́." Òun ni àlùfáà wa fi ń tú wa ká. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ké.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ológun Ísírẹ́lì rí òkú rẹ̀ àti ti àwọn ìgbèkùn márùn-ún mìíràn nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Rafah, ní gúúsù Gásà. Àwọn tó kó wọn nígbèkùn ti yìnbọn pa wọ́n, àwọn dókítà sì ní kò ní jìnnà sí ọjọ́ tí ẹ ń pè é yẹn. Ọmọ ọdún 23, tí bọ́ǹbù ti gé apá òsì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì fara dà á fún bí oṣù mọ́kànlá.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn ẹbí á sin ín kíá, wọn kò ní fi ibẹ̀ han bàbá àti ìyá. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i tí ẹ dúró ní ibi ìsìnkú Har HaMenuchot ní Jerúsálẹ́mù, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé, mo fọwọ́ bojú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ ni ẹ ti ń sọ fún un pé kó ṣara gírí, kó yè. Níbẹ̀ ni ẹ ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ran ẹ̀yin lọ́wọ́, kí ẹ lè ṣara gírí, kí ẹ lè yè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, sínágọ́gù wa kún ju ọjọ́ Sábáàtì lọ. (Mo ní "wa", ẹ má bínú.) Wọ́n ka Sáàmù 130, igbe láti inú ibú. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń ṣáájú orin kọ El Malei Rachamim, "Ọlọ́run tó kún fún àánú", àdúrà tí wọ́n fi ń rántí òkú, ó sì pe orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ń retí Perel Chana. N kò gbọ́ ọ. Orúkọ bàbá ló fi pè é. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń ṣe tó bá ti di òkú. Ibẹ̀ lẹkún ti gbé mi. Ẹ̀bẹ̀ ti parí nìyẹn.

Wọ́n wá dìde fún Kaddish, àdúrà tí ọlọ́fọ̀ ń gbà. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ikú ló máa kún inú rẹ̀. Kò dárúkọ ikú rárá, orúkọ Ọlọ́run ló ń gbé ga. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dá a wí: ó di kí ènìyàn mẹ́wàá pé, kí wọ́n máa ṣe àmín sí i. Mo ti ro òfin yìí títí. Ẹni tó ṣe é mọ ọ̀fọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tọ́mọ kú mọ́ lọ́wọ́ á fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́rí, ló bá fi ènìyàn mẹ́wàá há ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò fojú kan Hersh rí ni gbogbo wọn, àmín wọn sì ń mi àga.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n kọ Acheinu, "àwọn ará wa", kí Ọlọ́run mú àwọn ìgbèkùn jáde láti inú òkùnkùn sínú ìmọ́lẹ̀. Ẹni 101 ló ṣì kù nígbèkùn nígbà náà. Ohùn wọn ti há, wọ́n kọ ọ́ dópin.

Mo ń gbàdúrà fún àwọn ìyá tó ń sunkún ní Gásà pẹ̀lú. N kò rò pé ó máa bí yín nínú, torí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí bàbá Hersh sọ ní Chicago, ẹ̀yin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní ìrora ti pọ̀ jù níhà gbogbo, pé kò sẹ́ni tó ń borí nínú ìdíje ìrora.

Ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn ìgbèkùn sí ṣì wà láàárín ìwé àdúrà màmá. Kò jẹ́ kí n yọ ọ́. Ní tèmi, orúkọ tí wọ́n fi pè é lálẹ́ yẹn kò tíì mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá kúnlẹ̀, lẹ́yìn àwọn ọmọ mi mẹ́ta, Hersh ọmọ Perel Chana náà ni mo ṣì ń wí.