Lẹ́tà sí Màmá Àgbà ní Pópó Àgùdà

Màmá Àgbà mi,

Wọ́n ti wó ilé yín. Àná ni ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́: ògiri iwájú ti di òkìtì, fèrèsé tí ẹ máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé láti wo Careta, eré ìbòjú àwọn Àgùdà, sì ti dojú bolẹ̀ nínú erùpẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó Ilojo Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà, ní Tinubu lọ́dún 2016, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kà á kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956, ni mo ti mọ̀ pé tiwa náà kò ní pẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ló ń dùn mí jù. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ń ro frejon, ẹ̀wà ìbejì àti omi àgbọn ń hó pọ̀, ooru rẹ̀ sì bo awò ojú yín. Mo bi yín pé kí ni wọ́n ń pe bàbá bàbá yín kí ó tó di da Silva. Ẹ gbé ọmọrogùn dúró lókè, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ..." Ẹ kò parí rẹ̀. Ẹ ní kí n lọ mú asẹ́ wá, nígbà tí mo sì fi máa dé, orin ìjọ lẹ ń kọ.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé "ọmọ" yẹn ni mo ti ń wá kiri láti ọgbọ̀n ọdún. Ká ní ọmọ Olófà lẹ pè mí ni, tàbí ọmọ Oníkòyí, ǹ bá ti mọ ìlú tí n óò kọrí sí. Nagô ni ìwé tí mo rí kọ síwájú orúkọ bàbá bàbá yín, bẹ́ẹ̀ Nagô ni wọ́n ń pe gbogbo wa ní Bahia ní Bràsíl, níbi tó ti ṣe ẹrú, ìbáà ṣe Ọ̀yọ́, ìbáà ṣe Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó sì ra ara rẹ̀ padà, orúkọ olówó rẹ̀ ló bá a wọ ọkọ̀ wá sí Èkó. Igbó ni silva nínú èdè Látìn. Ẹ ò rí nǹkan: wọ́n mú ọkùnrin kúrò nílé bàbá rẹ̀, wọ́n ní igbó ni yóò máa jẹ́.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1890, Rui Barbosa tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ní Bràsíl pàṣẹ kí wọ́n dáná sun àwọn ìwé ẹrú tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Mo ti dárí jì í. Kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀yin mọ̀ mí, Màmá, ẹ sì gbé èyí tí iná kò jó lọ sí sàréè. Ṣé ìtìjú ni? Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí nígbà mìíràn pé bóyá ẹ̀yin náà kò mọ ìyókù.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ nílé ìwé níbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tí kò tíì pè wá láti oṣù Kẹrin, owó ilé sì wà lọ́rùn èmi nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dín dòdò, ó bi mí pé kí ló dé tí a fi kúrò lọ́dọ̀ dádì òun. Mo ní kó lọ bá mi mú síbí wá.

Ó mú un wá, Màmá. Ó dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ yín