Ìwé Ìṣirò Owó Ni Mo Béèrè, Èébú Lẹ Fún Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ́sítéètì wa ní Lekki Phase 1, Èkó.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìnáwó, nítorí owó wa lẹ̀ ń ná.

N kò ní tún máa ro ẹjọ́ lífítì, omi àti géètì lẹ́sẹẹsẹ fún yín. Ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà: ímeèlì mi, fọ́tò mi, àti nọ́ńbà ẹ̀sùn tí kọ̀ǹpútà yín máa ń bù fún mi nígbàkigbà tí mo bá ké gbàjarè, tí yóò tún kọ̀wé sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ta ló yanjú ẹ̀? Ọlọ́run ló mọ̀. Lífítì dákẹ́, mo fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Omi pupa ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, mo ra omi kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá ń gbé Èkó ti mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ ti ń sá fún látìgbà tí mo ti ń béèrè ẹ̀: owó service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì, tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, kí lẹ fi ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ẹ ṣe dá mi lóhùn. Ọ́fíìsì yín tó wà nínú ẹ́sítéètì ni mo kọ́kọ́ bi. Wọ́n ní olú iléeṣẹ́ ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó. Mo kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́. Wọ́n ní onílé mi ni kí n lọ bá, pé òun ló gbé ilé fún mi. Onílé mi ń gbé ní Houston. Mo dúró kí ilẹ̀ ọ̀hún mọ́, mo pè é, ó ní ẹ̀yin lòun fi ṣe aṣojú, ọwọ́ yín ni gbogbo ìwé wà, ó sì fi ọ̀rọ̀ mi ṣọwọ́ sí yín lójú ẹsẹ̀. Kí lẹ fi dá òun náà lóhùn? Ẹ ní kí ayálégbé òun kọ ẹ̀sùn ẹ̀ sí ọ́fíìsì inú ẹ́sítéètì. Bíi bọ́ọ̀lù lẹ ṣe ń gbá mi kiri. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n gbá, kò sì sí aṣọ́lé kankan láàárín yín.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mánijà yín fúnra ẹ̀ wá sí ìpàdé àwọn olùgbé. Ọ̀yàyà ńlá! Ó wọ kóòtù, ó gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri dání, ó sì fi gbogbo ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé ohun tó pè ní “ìgbé ayé ọlọ́lá létí omi.” Ó fi wá wé àwọn ará Banana Island. Ó mẹ́nu ba Eko Atlantic àti ògiri òkúta tí wọ́n fi dá omi òkun dúró níbẹ̀, bí ẹni pé àwa náà ń jàǹfààní ògiri ọ̀hún. Lójú pópó tiwa, bí òjò bá rọ̀ tó le díẹ̀, à ń ká ṣòkòtò sókè kí a tó dé ìdí mọ́tò ni. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo dìde, mo béèrè ìwé ìṣirò owó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí i nínú ímeèlì yín. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì dé lóòótọ́, ímeèlì náà sì dé. Mo ṣí i. Ìwé owó tuntun ni! Service charge ọdún tó ń bọ̀, ẹ ti bu owó lé e, ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì ló wọ́n. Kò sí ìṣirò, kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́. Mo pe mánijà, wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Ó jọ pé ìpàdé ọ̀hún kò tíì tán títí di òní, torí kò pè mí padà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀yin ṣáà lẹ dá a sílẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A kúrò ní nǹkan bíi ₦68 fún yúnìtì kan, tí wọ́n sọ ọ́ di ₦225 nígbà náà. Wọ́n ní ó kéré tán, wákàtí 20 ni iná gbọ́dọ̀ fi wà lójúmọ́ fún ẹni tó bá ń san iye yẹn. Band A ni wáyà tó wọ ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa nígbà tí ẹ fẹ́ gbówó lé tókìnnì. A kò jiyàn, a san án. Iná ọba náà sì ń gbìyànjú, ká má parọ́ mọ́ wọn. Tí iná bá wà fún wákàtí 20, wákàtí mélòó ló kù fún jẹnẹrétọ̀ láti mu dísẹ́ẹ̀lì? Ẹ fi pé iná wà gbé owó tókìnnì sókè, ẹ tún fi pé iná kò sí gbé service charge sókè. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Kì í ṣe àbá ni mò ń dá o. Ìwé ẹ́sásáìsì kan wà lórí tábìlì nínú yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, òun ni wọ́n fi ń kọ aago tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n pa á. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bírò búlúù ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tí wọ́n tàn án, bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tí wọ́n pa á. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ sì gbé e fún mi láìjiyàn, torí kò mọ̀ pé àṣírí ni. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti òkè délẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo mú fóònù padà lọ lọ́jọ́ kejì kí n lè ya fọ́tò ẹ̀, ìwé ti kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀ṣọ́ náà pẹ̀lú ti kúrò. Wọ́n ní ẹ ti gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ yín! Ìyẹn nìkan tó kí ojú tì yín.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín. N kò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì máa ń sọ fún wa kí ẹ tó dá wa lóhùn pé ẹ̀ ń gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀, nítorí náà ẹ lọ tẹ́tí sí i. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ń ṣàlàyé, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ta ṣingọ́ọ̀mù pọ́ pọ́ pọ́ sí mi létí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní: “Ìyáàfin, Lekki lẹ wà o, ẹ ò sí ní Agége. Àwọn tó lówó kì í béèrè irú nǹkan báyìí. Tí apá yín ò bá ká a, ilé pọ̀ ní Ìkòròdú.” Ló bá já fóònù mọ́ mi létí.

Ọmọ tí mo lè bí! Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò; èyí tó sọ yẹn, ọfà ló fà yọ. Mo ti gbé Agége rí, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ibẹ̀ bú mi. Ilé oníyàrá tó kọjú síra ni a gbé níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ kan la jọ ń lò. Ṣùgbọ́n bí ìwé iná bá ti dé, bàbá onílé á kọ ọ́ sára páálí, á fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: iye tí wọ́n mú wá, iye tó kan yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ti san, ẹni tó ṣì jẹ. Bàbá náà kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà, tí ẹ ní áàpù, tí ẹ ní akáúntáǹtì, ẹ̀yin lẹ wá sọ pé kò ṣeé ṣe.

Ká sì tibi ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó gbé ibí wò ó. Kí wọ́n tó máa pe etí òkun yìí ní àdúgbò àwọn ọlọ́lá, Maroko wà nítòsí wa níbí. Oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ará ibẹ̀ dànù, tí wọ́n fi katakata wó ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ há sínú ilé ìjọba tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Ilasan àti Ikota. Kí ọmọbìnrin yín rọra máa fi ọwọ́ júwe Ìkòròdú fún èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan láti ẹ̀ka òfin yín kọ̀wé sí mi pé òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó kò kan “àwọn àdúgbò ọlọ́lá.” Mo dúpẹ́ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ wá òfin ọ̀hún kà, ti ọdún 2011. Òótọ́ ni pé ó yọ àwọn àdúgbò kan sílẹ̀: Apapa, GRA Ikeja, Ikoyi àti Victoria Island. Ó tán. Ẹ tún un kà, bóyá ẹ ó rí Lekki níbẹ̀. (Ìdí tí wọ́n fi yọ ibi tí owó ilé ti wọ́n jù kúrò nínú òfin tó ń gbèjà ayálégbé, ìjọba ni kó dáhùn ìyẹn, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni.) Abala 10 òfin náà ní bí onílé tàbí aṣojú ẹ̀ bá gba owó service charge, ó gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún un, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin kò sọ pé bó bá wù wọ́n. Kò sì sọ pé àfi bí ayálégbé bá jẹ́ tálákà.

Kí lẹ wá ṣe nígbà tí mo fi abala òfin yìí ránṣẹ́ sí yín? Ẹ ti mítà mi pa. Service charge tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti san án pé, rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Owó tí ẹ bù lé e nìkan ni mo ní n kò ní san títí n ó fi rí ìṣirò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́ ra tókìnnì lórí áàpù yín, ó gbé ìkọ̀wé pupa jáde pé kí n kàn sí alámòójútó. Mo kàn sí alámòójútó. Alámòójútó ti pa fóònù, òpin ọ̀sẹ̀ ni. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹran inú fíríìsà mi ti yọ́, ó ti ń rùn. Iná tí mo fẹ́ fi owó mi rà o! N kò jẹ gbèsè iná. Nígbà tí ariwo pọ̀, ẹ ṣí i, ẹ ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ẹ̀rọ yín mà gbọ́n o, ó dá ẹni tó kọ lẹ́tà mọ̀ láàárín gbogbo ilé.

Mo ti fi sùúrù bá a débi tó lè dé. Ìṣirò ọdún tó kọjá àti ti èyí tí a wà nínú ẹ̀ ni mo fẹ́, kó wà lórí ìwé: lítà dísẹ́ẹ̀lì mélòó, iye tí ẹ rà á àti ibi tí ẹ ti rà á, owó àwọn ẹ̀ṣọ́, owó àwọn tó ń gbálẹ̀, àti iye tí ẹ̀yin fúnra yín ń mú níbẹ̀. Owó dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní rìsíìtì, kí ẹ dá ìpín tèmi padà. Ìwé ẹ́sásáìsì yẹn, kí ẹ dá a padà sórí tábìlì. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò ní ti mítà ẹnikẹ́ni pa mọ́ nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀. Ní ti ọmọbìnrin yẹn, kó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ẹ̀ tọrọ tiẹ̀ ṣáájú, torí mo fura pé inú ọ́fíìsì yín ló ti kọ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín látọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, n ó gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibùdó tí ìpínlẹ̀ Èkó ti ń bá aráàlú parí aáwọ̀, níbi tí wọn kì í ti í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wá. LASCOPA àti FCCPC, àjọ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, náà á rí ẹ̀dà tiwọn gbà. Bí ẹ bá sì kọ̀ tí ẹ ò yọjú síbẹ̀, Small Claims Court tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, èèyàn sì lè fẹnu ara ẹ̀ rojọ́ níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ìpín tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Ti àwọn aráalé mi náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa pè é, kí lọ́yà yín lè ríṣẹ́ ṣe dáadáa.

Àwọn tó ń gbé àjà kejì àti ìkẹta ti ka lẹ́tà yìí, wọ́n sì ti kọ tiwọn. Ẹ lè gbìyànjú kí ẹ ti mítà gbogbo wa pa papọ̀.

Ẹ má pè mí lórí fóònù mọ́ o. Ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni wá fi bisikíìtì àti kàlẹ́ńdà bẹ̀ mí bí ẹ ṣe ṣe nígbà ọdún. Ìwé ni mo kọ, ìwé ni kí ẹ fi dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Ayálégbé yín ní àjà kẹrin.

Ẹ̀dà: onílé mi ní Houston; alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé.