Ẹ Máa Sọ Fún Wa Bí Wọ́n Ṣe Ka Ìdárayá Àwọn Ọ̀dọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nígbàkigbà tí mo bá kà á nínú ìwé ìròyìn pé ìdá 81 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 lágbàáyé ni kì í ṣe ìdárayá tó bó ṣe yẹ, ó máa ń wù mí kí ẹ fi gbólóhùn kan sí i, pé ẹnu àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn olùwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kí wọ́n tó gbé òǹkà yìí jáde ní 2019, nítorí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mílíọ̀nù 1.6 láti orílẹ̀-èdè 146 ni wọ́n kó jọ. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ rántí ni ìwé ìbéèrè ń gbà sílẹ̀.

Mo máa ń jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń dáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 kan dé ibi tí wọ́n ti bi í pé ọjọ́ mélòó nínú méje tó kọjá ni ó fi ṣe ìdárayá fún 60 ìṣẹ́jú ó kéré tán, ó gbé bírò rẹ̀ dúró, ó ka ìka ọwọ́, ó yọjú wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá kọ 5. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní òun fẹ́ràn eré sísá. Ọmọ yìí kò purọ́ rárá. Irú ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ló kọ sílẹ̀.

Ọmọdé a sáré, a dúró, a tún fò. Nínú ìwádìí kan ní 1995, tí wọ́n ti fi ojú ṣọ́ àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10, bí ìdajì ìgbà tí wọ́n fi agbára gidi ṣeré ni kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. Ta ló fẹ́ ro èyí pọ̀ lórí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan?

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí kó lè máa gba bí ara ṣe ń mira sílẹ̀ ń ṣe dáadáa ju ìrántí lọ níbi ká ka ìṣẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí ọmọ bá ń gun kẹ̀kẹ́, tí kò sì lè sọ bóyá eré ni ọmọ ń ṣe tàbí iṣẹ́ ilé. Ìwé ìbéèrè ló lè sọ ìyẹn, nítorí náà n kò ní kí wọ́n jù ú nù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn olùwádìí so ẹ̀rọ náà mọ́ díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà fún ọjọ́ méje kan náà, kí wọ́n lè mọ bí ìdáhùn ṣe jìnnà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó. Kí ẹ̀yin náà sì máa tẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà náà gan-an, níbi tí ojú òǹkàwé yóò ti tètè tó o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín