Àlàní, lẹ́tà búlúù tó wà nísàlẹ̀ agolo yẹn

Àlàní ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mi ò gbóhùn ẹ. Mo pè, ó ń dún, o ò gbé e. Fọ́tò ìwé ìròyìn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ Sunday yẹn ni mo rí gbẹ̀yìn, o ò sì kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ẹ. Kì í ṣe iṣẹ́. Ṣé o ti dé ìsàlẹ̀ agolo bísíkíìtì tí lẹ́tà bàbá mi wà nínú ẹ̀ yẹn ni? Lẹ́tà tí àpò ẹ̀ jẹ́ búlúù, ṣé o ti kà á?

Ewúrẹ́ ti bí ìbejì, ẹ̀rọ omi tún ti bàjẹ́, àbúrò ẹ ti ríṣẹ́ sí Ìlọrin. Ti ilé nìyẹn.

Mo ka ìwé ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. November 18, 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí ò níwèé ìgbélùú wá ìwé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Àlejò! Bàbá mi tí wọ́n kúrò lóko iṣu lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń ta wọ́sìwọ́sì ní Tamale kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. O ní o wá orúkọ wọn títí ní Archives inú Yunifásítì Ìbàdàn, o ò rí i. Ta ló fẹ́ kọ orúkọ àgbẹ̀ sínú ìwé ìròyìn? Òfin ló wà níbẹ̀, inú lẹ́tà làwọn fúnra wọn wà. Òǹtẹ̀ ara sítáǹbù ni kó o fi tò wọ́n tẹ̀léra, torí wọn kì í sábà kọ déètì. Bàbá mi ò mọ̀wé, ẹni tó bá wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn kọ ọ́. Má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya o, mo mọ̀ ẹ́, kánjúkánjú ẹ pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n èyí búlúù yẹn. Tó o bá ti kà á, o ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí ìyá mi fowó ọkọ̀ ránṣẹ́, pé ọjà àwọn ti bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìyá mi náà ò mọ̀wé, èmi ni mò ń kà á fún wọn, ọmọ ọdún 12, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Owó kan ṣoṣo tó wà nílé, owó tí màá fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní January ni, torí prámárì nìkan ni Awólọ́wọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kà á débẹ̀, mo wojú ìyá mi, mo fò ó. Mo ní, "Bàbá ní ara àwọn le, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà." Ìyá mi ṣe àmín.

February ni bàbá mi tó wọlé, wọ́n gba Togo, wọ́n gba Dahomey tí wọ́n ń pè ní Benin báyìí, wọ́n ń ṣe lébìrà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó rówó wọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní ṣé lẹ́tà àwọn ò dé ni. Ìyá mi ní ó dé, ẹ ní ara yín le. Wọ́n wo èmi àti yunifọ́ọ̀mù tuntun tí mo wọ̀. Wọ́n ní, "Á jẹ́ pé akọ̀wé yẹn ò kọ ohun tí mo sọ." Akọ̀wé yẹn ni wọ́n ń bú títí wọ́n fi kú, mi ò sì la ẹnu mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹ pé ikán ti jẹ lẹ́tà inú agolo yẹn nìyẹn. Irọ́ ni. Mo sì nà ẹ́ lọ́dún tó o parọ́ owó lẹ́sìnnì, mo nà ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ara mi ni mò ń nà.

Gbé fóònù, olórí kunkun. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Tó o bá ń bínú, wá bínú níbí, màá rokà fún ẹ. Tó o bá sì ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ bí wọ́n ṣe sọ, má kọ ọ́ pé lẹ́tà sọnù, kọ ọ́ pé èmi ni mo fò ó.

Wọ́n tún ní o ti ń béèrè owó ọkọ̀ Ghana. Orúkọ akọ̀wé yẹn wà nísàlẹ̀ lẹ́tà búlúù náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Tó o bá dé Tamale, wá ọmọ ẹ̀ tàbí ọmọọmọ ẹ̀ rí, kó o bá mi bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni,
Màmá ẹ