Pittsburgh ò ṣàdédé di ìlú róbọ́ọ̀tì

Sí Olóòtú,

Bí wọ́n ṣe ń ròyìn Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àfi bíi pé róbọ́ọ̀tì àti ọgbọ́n àtọwọ́dá já bọ́ síbẹ̀ látọ̀run. Rárá o. Láti 1979 ni Yunifásítì Carnegie Mellon ti dá ẹ̀ka róbọ́ọ̀tì sílẹ̀, kí iṣẹ́ irin ìlú náà tó dẹnu kọlẹ̀ pátápátá. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló wọ abẹ́ ilé amúnáwá átọ́míìkì Three Mile Island lẹ́yìn ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, níbi téèyàn ò lè dé nítorí ìtànṣán olóró. Àwọn olówó tó ń náwó lé róbọ́ọ̀tì lórí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Argo AI, iléeṣẹ́ kan ní Pittsburgh tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, tilẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún 2022.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn ará Homestead, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Pittsburgh, tí iléeṣẹ́ irin wọn tì lọ́dún 1986: èló ló dé ọwọ́ wọn nínú ọrọ̀ tuntun yìí?

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn