Ẹ Ya Àdúrà Kúrò Lára Ẹ̀jẹ́ Orílẹ̀-Èdè

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, Kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn Ọba wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, a kí yín. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù àti Ìpẹru tó ń gbé l'Amẹ́ríkà la kọ̀wé yìí. Agbẹjọ́rò wà nínú wa, olùkọ́ àgbà wà, olóyè ìlú wà. A mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n fojú akẹ́kọ̀ọ́ kan rí nílé-ìwé ní Rẹ́mọ. Ó ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè, ó dákẹ́ níbi "kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́", wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Kí ló dé? Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ilé-ìwé náà ní abala 24 ìwé òfin 1999 ní ká bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ́ náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ni abala yẹn wà, abala 6 sì ti gba Orí Kejì kúrò lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́. Orí Kẹrin, tó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ni abala 38 wà ní tirẹ̀, ó ṣe é gbé lọ sílé-ẹjọ́ gíga, ó sì ní a kò gbọdọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

A kò ní kẹ́ ẹ yọ Ọlọ́run kúrò nínú ẹ̀jẹ́ tí ọmọ Yorùbá, Felicia Adébọ́lá Adédoyin, kọ lọ́dún 1976. (Onífá pàápàá kò bá "Ọlọ́run" jà, "lórúkọ Jésù" tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́yìn ló ń dùn ún.) L'Amẹ́ríkà níbí, "lábẹ́ Ọlọ́run" tí wọ́n fi kún tiwọn lọ́dún 1954 ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ láti 1943, nínú ẹjọ́ tí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà pè, ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ti ní kí ilé-ìwé ìjọba má fipá mú ọmọ kankan ka ẹ̀jẹ́ náà.

Àsẹ́ńbìlì ni gbogbo rẹ̀ ti ń dàrú. Wọ́n ń da orin ìsìn, àdúrà àti ẹ̀jẹ́ pọ̀ mọ́ra. Ọmọ tó bá yẹra fún àdúrà ti pàdánù ẹ̀jẹ́ nìyẹn, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orin orílẹ̀-èdè àti ẹ̀jẹ́ ṣáájú. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ ní, "Ẹni tí kò bá ní bá wa gbàdúrà, ó yá, ẹ lọ sí kíláàsì." Kí olùkọ́ kan tẹ̀ lé wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ á pariwo, ilé-ìwé á tún fìyẹn jẹ wọ́n níyà. Kí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ní ìlà kan tí òbí á fọwọ́ sí. Ẹni tó bá sì dákẹ́ níparí ẹ̀jẹ́, kí wọ́n má bi í nídìí. Ojú ìwé kan ṣoṣo gba gbogbo èyí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà wa kẹta rèé. Tó bá ti di owó àga àti tábìlì ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, nọ́ńbà wa kì í sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn kí sáà tuntun tó wọlé.